Ìlú Kékeré Wo Ni Kí A Fi Ṣe Ibùgbé ní Kánádà?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì ń múra láti kó lọ sí Kánádà. Owó ilé Toronto ń bà wá lẹ́rù, Thunder Bay tàbí Sudbury ni a ń rò. Kí ni kí a kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo owó ilé. Ìlú méjèèjì yìí wà lára agbègbè 14 tí ìjọba Kánádà kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2025 fún ètò tí ó ń ṣí ọ̀nà ìgbélùú títí láé fún òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tí agbègbè náà fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ ti fún yín níṣẹ́ kí ẹ tó lè gba ọ̀nà yẹn wọlé.

Ẹ fi owó ọkọ̀ ara ẹni sínú ìṣirò yín pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ dání dúró de bọ́ọ̀sì nínú yìnyín ni yóò mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe fàájì níbẹ̀.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ìdánìkanwà, pàápàá fún ẹni tí yóò máa wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ wá àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ kàn kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá dókítà ìdílé ṣì ń gba ẹni tuntun.