Ọ̀nà ni Dífíṣọ̀n Keje ń ṣọ́ ní Borno

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè pé kí ni Dífíṣọ̀n Keje ti iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà ń jókòó ṣe ní Maiduguri látọdún 2013 tí Boko Haram ò fi kásẹ̀ nílẹ̀, mo ṣiṣẹ́ ṣọ́jà lábẹ́ rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀nà là ń ṣọ́. Ìbọn yíyìn kéré nínú rẹ̀.

Oṣù August 2013 ni wọ́n dá a sílẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Ààrẹ Jonathan kéde ìjọba pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa. JTF (Joint Task Force), ikọ̀ alájọṣe tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àdàlù ni, tṣọ́jà tọlọ́pàá. Dífíṣọ̀n ní GOC tirẹ̀, ìyẹn ọ̀gágun tó ń darí rẹ̀, bùrígéèdì tirẹ̀, mẹkáníìkì, dókítà, àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ àti epo. Lórí ìwé nìyẹn o. Nígbà tó fi máa pé bí ọdún kan, Gwoza ti bọ́ lóṣù August 2014, Bama tẹ̀ lé e lóṣù September. Ilẹ̀ fẹ̀ ju ṣọ́jà lọ. Lóṣù March 2015 a gba méjèèjì padà, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti wá bẹ̀rẹ̀.

Bátálíọ̀n tó bá wà ní Bama gbọ́dọ̀ jẹun, kó mu omi, kó rí díẹ́sẹ̀lì. Maiduguri ni gbogbo rẹ̀ ti ń bọ̀, nǹkan bí 70 kìlómítà. Ìrìn wẹ́rẹ́ ni fún ọkọ̀ èrò kógun tó dé. Ó lè gba àwa dalẹ́, torí àwọn ẹnjiníà ní láti fẹsẹ̀ rìn ṣáájú ọkọ̀, kí wọ́n máa wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa yẹ ibi tí ọ̀dà ti pàdé yanrìn wò, kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ afárá kéékèèké. Bí ẹ bá rí erùpẹ̀ tútù láàárín èyí tó gbẹ, ẹ dúró. Bí òjò bá sì dé, ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki, níhà Dikwa, á gbé táyà mì pátá. Ibi tí ọkọ̀ bá rì sí ni àwọn Boko Haram máa ń fẹ́ lúgọ dè wá.

Hausa bárékè ò sì tó ní Borno. Kanuri ni ìyá àgbà tó mọ ọmọ ẹni tó wọgbó ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ Civilian JTF, ìyẹn fijilanté àwọn ará ìlú tí wọ́n fi kùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Maiduguri, ni wọ́n ń bá wa dá ojú mọ̀. Àwọn kan nínú wọn ṣi agbára lò, kò ṣeé fi pamọ́, àmọ́ láìsí wọn, afọ́jú ni wá.

Nígbà tó di 2019 tí wọ́n ní ká kó àgọ́ kéékèèké jọ sí àgọ́ ńlá, super camp, mi ò takò ó. Ìkọlù Metele, níbi tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ ṣọ́jà nínú àgọ́ wọn, ti ṣẹlẹ̀ lóṣù November 2018, a sì ti rí ohun tójú ìwọ̀nba ṣọ́jà tó dá wà máa ń rí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó wà láàárín àgọ́ kan sí èkejì ńkọ́? Lójú tèmi, ibẹ̀ logun yẹn ti ń jẹun: ìlú wà lọ́wọ́ ìjọba, ìgbèríko wà lọ́wọ́ àwọn yẹn, wọ́n sì ń gba owó orí lọ́wọ́ apẹja àti darandaran.