Kí ló dé tí “since five years” kò fi bá Gẹ̀ẹ́sì mu?

Ìbéèrè: Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé “I am living here since five years”, wọ́n sì fagi lé e. Èwo ló burú níbẹ̀? Báwo gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ohun tó ti ń bá a bọ̀ tipẹ́tipẹ́?

Ìdáhùn: Ibi méjì ni gbólóhùn yẹn ti kọsẹ̀, níbi “since” àti níbi “am living”. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú “since”, torí Yorùbá ló tì yín débẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni “láti” ń ṣe lẹ́nu wa. A máa ń ní “mo ti ń gbé ibí láti ọdún 2019”, a sì tún máa ń ní “mo ti ń gbé ibí láti ọdún márùn-ún”. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, ti èkejì ń sọ bó ṣe pẹ́ tó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí etí rẹ̀ ta sí ìyàtọ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. “Since” ló ń tọ́ka sí ibi tí àkókò ti bẹ̀rẹ̀: “since 2019”, “since Monday”, “since I was a child”. “For” ló ń sọ bí àkókò ṣe gùn tó: “for five years”, “for two days”, “for a long time”. Bí ẹ bá lè fi ìka tọ́ ọ lórí kàlẹ́ńdà, “since” ni. Bó bá jẹ́ iye ọjọ́, oṣù tàbí ọdún lẹ ń kà, “for” ni.

Ó wá ku “am living”. Ohun tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, kì í bojú wẹ̀yìn. Ará Faransé àti ará Jámánì náà máa ń kó sínú kòtò yìí, torí ní èdè tiwọn, ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí náà ni wọ́n ń lò fún èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ tí kò sì tíì parí. Ọ̀rọ̀ tiwa sàn díẹ̀. “Ti” àti “ń” tí a máa ń so pọ̀, òun gan-an ni “have been” àti “-ing”. “Mo ti ń dúró láti àárọ̀”, “I have been waiting since morning”: ẹ wò ó, ẹyọ kan ò sọnù. Nítorí náà, ohun tí ẹ fẹ́ kọ sínú lẹ́tà yẹn ni “I have lived here for five years”, tàbí “I have been living here for five years”. Méjèèjì tọ̀nà. Èkejì kàn fi díẹ̀ jọ ohun tó ṣì lè yí padà lọ́la.

“Have” yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ ti parí tàbí kò tíì parí. Ẹni tó kọ “I worked there for six years” sínú ìwé ìwáṣẹ́ ti sọ fún wọn pé òun ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó kọ “I have worked there for six years” ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ yára, “I’ve” ni “I have” máa ń dà, “v” yẹn kì í sì í fẹ́ hàn sétí. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í fẹ́ gba “-ing” rárá, bó ti wù kó pẹ́ tó: “know”, “own”, “belong”, “believe”. “I have known her since 2010” ni, kì í ṣe “I have been knowing her”. Èyí ò yẹ kó ṣòro fún wa, torí àwa náà kì í sọ pé “mo ń mọ̀ ọ́n”. Mo mọ̀ ọ́n, ó tán.

Ibi tó ta kókó jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kú, dé, lọ, parí. A máa ń sọ pé “ó ti kú láti ọdún méjì”, ni a bá gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì pé “he has died since two years”. Létí Gẹ̀ẹ́sì, kíkú ò lè gba ọdún méjì, wíwà ní ipò òkú ló lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé “he has been dead for two years”, tàbí “he died two years ago”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “I have eaten since”, tó jẹ́ “mo ti jẹun tipẹ́” wa tí a wọ̀ lẹ́wù. “Since” tó dá dúró níparí gbólóhùn túmọ̀ sí “látìgbà náà”: “He left in March and I haven’t seen him since.” Fún oúnjẹ yẹn, “I ate ages ago” ló máa ń yé wọn.

Ní ọdún 1957, ọ̀mọ̀ràn kan tó ń jẹ́ Zeno Vendler pín ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà mẹ́rin nípa bí wọ́n ṣe bá àkókò tan: èyí tó jẹ́ ipò lásán, bíi kéèyàn mọ nǹkan, èyí tó ń lọ láìní òpin kan pàtó, bí eré sísá, èyí tó ń lọ bá òpin rẹ̀, bíi kéèyàn ya òbìrí, àti èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi kéèyàn dé góńgó òkè. Ìpín yìí wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. “She read the book for an hour” ò sọ pé ó kà á tán. “She read the book in an hour”, ó fi wákàtí kan kà á tán nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún “long” náà. “Did you wait long?” dára, “I didn’t wait long” dára, ṣùgbọ́n “I waited long” máa ń ta wọ́n létí. “I waited a long time” ni wọ́n ń sọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ kí gígùn náà hàn nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á tún ọ̀rọ̀-ìṣe pè, bí àwa ṣe ń sọ pé ó rìn rìn rìn. “And” nìkan ni wọ́n máa ń fi há a láàárín: “we walked and walked”. Wọ́n tún ní “keep”, tí inú bíbí sábà máa ń bá rìn. “He kept calling me”: ó ń pè mí ṣáá, ó ti sú mi.

Àsọdùn sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Àwa tí a pẹ́ ká tó ríra á ní “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta”, a sọ ọ́ di kékeré. Àwọn á ní “I haven’t seen you for ages”, bí ẹni pé ayé ti yí po. “For donkey’s years” tún wà, tí wọ́n ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀fẹ̀ ni, torí “years” àti “ears” jọra lẹ́nu, etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì gùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. “Till the cows come home”, ìyẹn títí màlúù á fi wọlé, kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn: bí wọ́n bá ní “you can argue till the cows come home”, wọ́n ń sọ fún yín pé ẹ lè máa jiyàn lọ, àwọn ò ní yí ọkàn padà.