Kí ni wọ́n ń fún nínú "squeezed light"?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ físíìsì ń lo "squeezed light", ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fún pọ̀, láti fi wọn nǹkan tín-ín-rín. Kí ni wọ́n ń fún gan-an? Ṣé kí ìmọ́lẹ̀ náà lè tàn sí i ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Àìdánilójú inú ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń fún. Bó ti wù kí lésà dára tó, ẹyọ ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń wá. Fótóònù ni wọ́n ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í dé ní déédéé. Ségesège yẹn ló ń bo ohun kékeré mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára lésà nìkan dín in kù sí ìdajì, àfi kó sọ agbára náà di ìlọ́po 4, ooru rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da dígí tí wọ́n fi ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà láàmú.

Òfin Heisenberg, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jámánì, sọ pé a ò lè mọ bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe ga tó, ká tún mọ ìgbà tí orí ìgbì náà ń dé, kí méjèèjì pé pérépéré. Àmọ́ òfin ò ní kí àìdánilójú méjèèjì dọ́gba. Tẹ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà níhìn-ín, á wú lọ́hùn-ún. Apá tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ni wọ́n ń fún, kí èkejì wú.

Ibi tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ilé ìwádìí LIGO ní Amẹ́ríkà, ní Hanford àti Livingston. Lésà ibẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní kìlómítà 4, láti fi gbọ́ ìgbì (gravitational wave) tí ihò dúdú (black hole) méjì ń rán jáde nígbà tí wọ́n bá kọlura lójú sánmà. Ìyípadà tí ìgbì yẹn ń mú bá gígùn ọ̀nà náà, tí wọ́n ń wá, kéré sí ìdá 1 nínú 1,000 ìbú pírótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ tín-ín-rín kan nínú átọ́ọ̀mù. Ní 1981, onímọ̀ físíìsì Carlton Caves fi hàn pé ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò tan ìmọ́lẹ̀ sí ni ségesège náà ń gbà wọlé, nítorí òkùnkùn pàápàá kì í dákẹ́ jẹ́ẹ́. Òkùnkùn yẹn gan-an ni wọ́n ń fún! Kírísítálì kan tó ń mú kí fótóònù máa jáde ní méjì-méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. GEO600, irú ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2010, LIGO ní 2019.

Apá tó wú kò ṣàìdá wàhálà sílẹ̀: ó ń ti dígí oníkílógíráàmù 40 síwá sẹ́yìn nígbà tí ìgbì tó ń ti ojú sánmà dé bá ń mì díẹ̀díẹ̀. Ní 2023, wọ́n fi ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ onímítà 300 kan tó ní dígí kún un, tó ń yí apá tí wọ́n ń fún padà bí ìgbì náà bá ṣe ń yára mì sí. LIGO retí pé ìkọlù tí òun máa rí á fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 lé sí i.