"Ta ni kò mọ̀?": Ìdáhùn lórí òwe àjẹ́ tó ké lánàá

Okun o. Àbúrò kan láti Ìsánlú, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ó ní ìyàwó àbúrò bàbá àwọn bá ẹ̀gbọ́n òun jà lórí owó kaṣú tí wọ́n jọ tà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti jà á, gbogbo àdúgbò sì gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ṣubú lórí ọ̀kadà níbi tó ti ń bọ̀ láti oko, apá rẹ̀ kán. Ni ẹbí bá pe ìpàdé. Àgbà kan wúkọ́ díẹ̀, ó ní: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Gbogbo ilé dákẹ́. Obìnrin náà fi ìborùn bojú, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò mi béèrè, "ṣé ohun tí òwe náà ń sọ nìyẹn lóòótọ́? Ṣé àwọn baba wa ní ohun tó bá ṣáájú ló máa ń fa ohun tó bá tẹ̀lé e ni?"

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àwọn tó mọ òwe yìí pa ṣe ń pa á. Ìgbà tí èèyàn bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ halẹ̀ ní gbangba ni. Ẹni tó dúró láàárín ọjà, tó ní òun á dáná sun oko lágbájá, tí oko náà sì jó lóru ọjọ́ yẹn, kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí wọ́n bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ìhàlẹ̀ wà, etí gbọ́ ọ. Òwe náà ń tọ́ka síbi tó yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìfura loògùn àgbà, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀. N kò tíì débi tí wọ́n ti ní ìfura ni ìdájọ́ àgbà. Ìyàwó tí ẹ kó sí àárín yẹn kò sì halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Owó rẹ̀ ló béèrè.

Ṣùgbọ́n tú òwe náà palẹ̀, kó o wo inú rẹ̀. Àṣìrò mẹ́ta ló lúgọ síbẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní àṣìrò ni ọ̀rọ̀ tó jọ òótọ́ létí, tó sì jẹ́ pé bí o bá bi í pé ẹ̀rí rẹ̀ dà, ọwọ́ òfìfo ló máa nà sí ọ.

"Àjẹ́ ké." Ta ló rí i? Igbe ni etí gbọ́ lóru. Ó lè jẹ́ òwìwí ló bà sórí igi ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá ní "ẹyẹ ké lánàá, ọmọ kú lónìí" kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tó ní "àjẹ́ ké" ti dájọ́ tán kó tó dé orí ọmọ tó kú, torí iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ àjẹ́ ni pípa ọmọ jẹ. Ohun tó yẹ kó fi ẹ̀rí gbè ló ti dọ́gbọ́n kì bọ inú orúkọ. Bákan náà ni ẹni tó ń pariwo pé "ẹ bi olè yẹn ibi tó kó owó sí", nígbà tó jẹ́ pé bóyá ó jí i tàbí kò jí i gan-an lẹjọ́ tó wà nílẹ̀.

"Lánàá, lónìí." Èyí ni ọ̀gá wọn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè Látìn ni post hoc ergo propter hoc: ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, nítorí náà òun ló fà á. Àkùkọ ń kọ, ilẹ̀ ń mọ́, ojoojúmọ́ ayé. Ẹ pa gbogbo àkùkọ Kàbà jẹ lọ́jọ́ ọdún, ilẹ̀ á mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá àgbà wa kì í fẹ́ ká jẹ máńgòrò. Ó ní ibà ló ń fà. Ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ ìyá: bí máńgòrò bá ti ń pọ́n, tí òjò àkọ́rọ̀ ń já sílẹ̀, kò sí ilé tí wọn kì í ti í rí ọmọ kan tí ara rẹ̀ ń gbóná. Lọ́jọ́ kan mo jí mẹ́rin jẹ lẹ́yìn ilé, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá mi, mo fi ẹ̀wù nù ún. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ibà dé. Ìyá àgbà ò bínú rárá. Ó na ẹ̀wù náà síwájú àtùpà, ó wo àbàwọ́n rẹ̀ dáadáa bí adájọ́ tó ń wo ìwé, ó ní "mo sọ ọ́", ó sì bu àgbo dóńgóyárò fún mi. Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Ó tó ọdún bíi mẹ́wàá tí n kò fi fọkàn balẹ̀ jẹ máńgòrò.

Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ìgbà tí òjò bá dé tí omi dúró sínú kòtò àti agolo ni ẹ̀fọn ń pọ̀, ìgbà náà sì ni máńgòrò ń já bọ́ lágbàlá. Wọ́n kàn jọ dé pọ̀ ni. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé bí ẹ̀fọn tó ní kòkòrò ibà bá jẹ èèyàn, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15 kí ara tó gbóná. Ẹ̀fọn tó ṣe mí ti jẹ mí lọ kí máńgòrò yẹn tó pọ́n. Gbogbo wa ń wá ẹlẹ́bi sínú àná, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló sì wà.

Má rò pé àwa nìkan ni. Lédè Ítálì, "afẹ́fẹ́ burúkú", mal aria, ni wọ́n pe ibà yìí, torí ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá àbàtà tó sì ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ símú ló ń ṣàìsàn. Orúkọ ti dájọ́ fún wọn, bí "àjẹ́ ké" ṣe dájọ́ fún wa. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1897 ni dókítà Ronald Ross, ní Secunderabad nílẹ̀ Íńdíà, la inú ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tó sì rí kòkòrò náà níbẹ̀.

Nínú òṣèlú, ọwọ́ kan náà ni. Nídìí ẹmu lọ́dọ̀ wa, o ò ní pẹ́ gbọ́ ọ: "Nígbà tí a wà ní Kwara, ọ̀nà wa dára, ìgbà tí wọ́n kó wa sí Kogi ló bàjẹ́." Òótọ́ ni pé ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á gba Ẹ̀gbẹ̀ kọjá wọ ìpínlẹ̀ Kwara, á wo bóyá ọ̀nà tọ̀hún ṣì ń dán láti ọdún náà. Aristotle, ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì tó kú lọ́dún 322 ṣáájú ìbí Kristi, ti fi irú rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ: Demades, olóṣèlú ará Áténì, ní ètò Demosthenes, olóṣèlú Áténì bíi tirẹ̀, ló fa gbogbo ìyà tó jẹ ìlú, ṣebí ẹ̀yìn ètò náà ni ogun dé.

Ó wá ku "ta ni kò mọ̀?" Ibí yìí ni wọ́n ti di obìnrin yẹn lẹ́nu. Ìbéèrè tí kò fẹ́ ìdáhùn ni. Ta ló fẹ́ dìde ní "èmi ò mọ̀"? Ọ̀dẹ̀ ni wọ́n á pè é, tàbí kí wọ́n ní òun náà wà nínú ẹgbẹ́ tó ń fò lóru. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Gbogbo ilé yín dákẹ́. Ta ló gbà nínú wọn, ta ló kàn ń bẹ̀rù?

Àwọn àṣìrò mìíràn wà tí òwe fúnra rẹ̀ ti dá lóhùn. Ẹni tó ní "bí o ò bá tẹ̀lé wa, ọ̀tá wa ni ọ́", ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí oníṣòwò kan rẹ́ jẹ tó wá ní gbogbo oníṣòwò lolè, ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá.

Ní ti ohun tó o máa ṣe: má dìde sọ fún àgbà pé ó ṣì í rò. Wọn ò ní gbọ́ ìyókù. Ní kí wọ́n fún ọ láyè, kó o ní, "Tótó ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Wọ́n á ní wà á rí òmíràn pa. Ìgbà náà ni kó o wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti wo bíréèkì ọ̀kadà náà, àti bóyá ẹ̀gbọ́n ti ṣubú rí kí ìjà kaṣú tó dé.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ àná ló fèsì: ìgbà kẹta nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n máa ṣubú láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà méjì àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó bá a jà.