Báwo ni èèyàn ṣe ń di ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ nípa ìwọ́de ní UNILAG?

Àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ni kí o gbà ní Akọkà, níbi tí UNILAG wà, ọdún 4. Lẹ́yìn náà ni másítàsì, kí o tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nídìí oyè ọ̀mọ̀wé yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Wo ìwọ́de owó epo ti oṣù kìn-ín-ní, 2012: lítà kan fò láti náírà 65 sí 141, èrò kún ọgbà Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta fọ́fọ́. Ta ló ń kó wọn jọ? Kí ló mú kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá ìyanṣẹ́lódì dúró lọ́jọ́ tí ìjọba sọ owó lítà kan di náírà 97? Irú ìbéèrè tí wàá máa tú nìyẹn. Bí o bá ti wọṣẹ́ olùkọ́, ìwádìí tí o bá tẹ̀ jáde ni wọ́n máa ń wò jù kí wọ́n tó gbé ọ ga.