Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nọ́ńbà ara ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ àti ọdún tí wọ́n ṣe é

Lẹ́tà mẹ́rin ló dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí lórí bí a ṣe lè fi nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Irú ìbọn tí à ń wí ni èyí tó máa ń ti òfìfo ọta dànù fúnra rẹ̀, tí yóò sì gbé òmíràn sípò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yìn ín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí náà mo fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún un.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára ẹ̀ka 81 àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó lọ jagun ní Bọ́mà. Láìpẹ́ yìí tí à ń tún ilé ẹbí ṣe, a rí ìwé kékeré kan nínú àpótí wọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn gba ìbọn ìléwọ́ kan lọ́wọ́ ọmọ ogun Jàpáànù, àwọn sì fà á lé ọ̀gá àwọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ nọ́ńbà ìbọn náà sílẹ̀, ó jẹ́ òǹkà márùn-ún. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ya àmì kan tí kò jọ lẹ́tà tiwa, wọ́n sì kọ 19.5 tẹ̀ lé e. Bàbá mi ní ọdún 1905 ni ó túmọ̀ sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́)*

Ẹ bá mi kí bàbá yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe 1905. Òǹkà márùn-ún yẹn nìkan kò lè sọ ọdún fún wa. Àmì tí bàbá yín àgbà fara balẹ̀ yà, àti 19.5 tó tẹ̀ lé e, ló ń sọ ọ́. Ìbọn ìléwọ́ tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Jàpáànù nígbà náà ni Nambu Type 14. Ilé iṣẹ́ máa ń tẹ ọdún àti oṣù tí wọ́n ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ọdún ìjọba ọba wọn ni wọ́n sì fi ń kà á. Àmì yẹn ni àkọ́kọ́ nínú méjì tí wọ́n fi ń kọ Shōwa, orúkọ tí wọ́n fún ìgbà ìjọba Hirohito, ọba Jàpáànù nígbà ogun náà. Ó gorí ìtẹ́ ní December 1926, nítorí náà 1926 fúnra rẹ̀ ni ọdún kìíní, 1927 sì ni ọdún kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni ọdún kìíní náà fi gùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tiwa yóò fi 1925 kún òǹkà náà. Tí a bá fi 1925 kún 19, yóò di 1944. 5 sì ni oṣù May.

Àwọn àgbà wa náà mọ irú kíkà yìí, nítorí wọ́n máa ń sọ pé ìgbà ọba báyìí ni wọ́n bí lágbájá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ará Jàpáànù fi òǹkà sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ fún wa ní Àkúrẹ́ pé ìgbà Déjì Adésídà Kìíní ni wọ́n bí òun kò tíì sọ nǹkan púpọ̀, nítorí láti 1897 títí di 1957 ni kábíyèsí fi wà lórí ìtẹ́.

Orúkọ ìbọn náà pàápàá gba ọ̀nà yìí wá. Ọdún kẹrìnlá ìjọba ọba tó ṣáájú Hirohito, ìyẹn 1925, ni 14 inú rẹ̀ ń tọ́ka sí. Àbúrò rẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní Type 94, ṣùgbọ́n kíkà tirẹ̀ tún yàtọ̀: 94 ibẹ̀ wá láti ọdún 2594 nínú kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi ń ka ọdún láti ìgbà ọba wọn àkọ́kọ́, ìyẹn 1934 tiwa. Ẹ ó rí ohun tó jọ ọ́ lára ìbọn Beretta ti Ítálì tí wọ́n ṣe nígbà ìjọba Mussolini. Nọ́ńbà Róòmù kan máa ń wà lára rẹ̀, October 1922 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, tó fi jẹ́ pé XX bọ́ sí àárín October 1941 sí October 1942.

Ohun tí 19.5 yìí sọ nípa bàbá yín àgbà ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀ka 81 kọ́kọ́ wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, wọ́n sì ti fà sẹ́yìn nígbà tí òjò ńlá dé ní àárín ọdún náà. Kò jọ pé ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní Jàpáànù ní May yóò ti la òkun àti igbó kọjá dé ọwọ́ ọmọ ogun kan ní Kaladan kí òjò yẹn tó dé. Ìgbà kejì tí wọ́n padà síbẹ̀, láti apá ìparí 1944 títí di January 1945 tí wọ́n gba ìlú Myohaung, ni mo gbà pé ó bọ́ sí ọwọ́ wọn. Ẹ fi èyí sínú ìtàn ẹbí yín. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má dá ìwé náà padà sínú àpótí tí ikán lè dé.

*Olóòtú, ọ̀rẹ́ mi kan fi àwòrán Luger méjì, ìbọn ìléwọ́ ilẹ̀ Jámánì, hàn mí láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Yúróòpù. Nọ́ńbà 4312 ló wà lára méjèèjì. Ó ní ayédèrú ni ọ̀kan nínú wọn. Èwo ni? (Olùkọ́, Oǹdó)*

Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ ojúlówó. Ilé nọ́ńbà 14 lè wà ní Òpópónà Arákalẹ̀, kí òmíràn sì wà ní Òpópónà Ọba Adésídà, kò sì sí ẹni tó máa pe ọ̀kan ní ayédèrú. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Jámánì gba Luger wọlé ní 1908, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fún wọn a sì máa padà sí nọ́ńbà 1 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Bí ìbọn ọdún kan bá ti pé 10000, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti 1, wọn yóò fi lẹ́tà a sí i. Bí ìyẹn náà bá pé, ó kan b. Nítorí náà, 4312 ti 1916, 4312a ti 1916 àti 4312a ti 1917 jẹ́ ìbọn mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ DWM ní Berlin àti ti ìjọba ní Erfurt tún ní nọ́ńbà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ wá òǹtẹ̀ ọdún tó wà lórí ìbọn náà, níbi tí ẹ̀yìn ọ̀pá rẹ̀ ti nípọn; láti 1910 ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun. Èyí tí ilé iṣẹ́ Mauser ṣe ní 1934 kò ní ọdún rárá, K ló wà níbẹ̀. Ti 1935 sì ní G, nítorí ìjọba wọn kò fẹ́ kí ará ìta mọ bí ohun ìjà tí wọ́n ń ṣe ti pọ̀ tó. Ẹ tún wo àwọn irin kéékèèké ara rẹ̀, nítorí òǹkà méjì tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà máa ń wà lára wọn. Bí wọn kò bá bára mu, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ irin kan lójú ogun, kò sọ ọ́ di ayédèrú.

Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ilé iṣẹ́. Ìbọn ìléwọ́ Colt 1911 tí wọ́n ṣe fún ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti 1 ní 1912, wọ́n sì ń ka nọ́ńbà náà lọ títí ó fi ju mílíọ̀nù 2 lọ kí ogun tó parí ní 1945. Nọ́ńbà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sọ ọdún, àfi pé ti àwọn ará ìlú ní lẹ́tà C, tí wọ́n sì ń ka tiwọn lọ́tọ̀.

*Ìwé kan ní ìbọn Browning 1900 ni Gavrilo Princip fi pa Franz Ferdinand, àrólé ìtẹ́ Austria-Hungary, òmíràn ní Browning 1910 ni. Èwo ni kí n gbà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́)*

Ẹ gba 1910. Nọ́ńbà ìbọn tó yìn ní Sarajevo ní June 28, 1914 wà nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ wọn: 19074 ni, Browning 1910 tí ilé iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀m ṣe ló sì ni nọ́ńbà yẹn. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun ní Vienna báyìí. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ irú ìbọn náà ni 1910, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

*Bí mo bá rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nínú ilé àwọn àgbà, tó sì ti dógùn-ún, ṣé mo lè fi í ṣe ọ̀ṣọ́? (Òǹkàwé, Àkúrẹ́)*

Rárá o. Òfin ohun ìjà ilẹ̀ wa ti 1959 ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun ìjà tí ó léèwọ̀, títí kan ti àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná, láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò yí èyí padà. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì ha ìpẹtà kúrò nítorí àtika nọ́ńbà, nítorí ọta lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbé e rìn lójú títì. Ẹ pe àwọn ọlọ́pàá wá sí ibi tó wà. Bí wọ́n bá ń gbà á, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ nọ́ńbà àti gbogbo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ sínú ìwé tí wọn yóò fún yín, pàápàá àmì tí wọn kò bá lè kà, kí wọ́n yà á bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fi ẹ̀dà ìwé yẹn ránṣẹ́ sí wa, a ó bá yín wá ọdún rẹ̀.