Báwo ni áàpù mélòó kan ṣe lè máa gba dátà láti ara àwọn sẹ́ńsọ̀ aláìlówáyà kan náà?

Ẹ fi broker MQTT sáàárín wọn, ìyẹn alárinà tó ń gba dátà tó sì ń pín in nípa ìlànà ìfiránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní MQTT, kí áàpù kọ̀ọ̀kan sì forúkọ sílẹ̀ fún kìkì dátà tó bá nílò.

Sẹ́ńsọ̀ á fi dátà ránṣẹ́ sí broker lábẹ́ àkọlé kan, bíi oko/ebe1/omi. Áàpù tó bá forúkọ sílẹ̀ fún oko/+/omi á máa gba ti omi láti gbogbo ebè. Èyí tó bá kọ oko/# á gba ohun gbogbo. Sẹ́ńsọ̀ ò mọ áàpù, áàpù ò mọ sẹ́ńsọ̀, nítorí náà ẹ lè fi áàpù tuntun kún un láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan nínú oko. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun: ọdún 1999 ni wọ́n ti ṣe MQTT, láti fi máa ṣọ́ ọ̀pá epo nípasẹ̀ sátẹ́láìtì.

Tó bá jẹ́ pé áàpù ló fẹ́ máa béèrè nígbà tó wù ú, CoAP, ìlànà ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké (RFC 7252, 2014), ló yẹ. Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń sùn kí bátìrì rẹ̀ má bàa tètè tán lè má dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà, orí TCP, ìlànà tí wọ́n fi ń gbé dátà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni MQTT ń rìn. Sẹ́ńsọ̀ Zigbee (nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówáyà tí kì í lo TCP) ò lè lò ó ní tààrà, gateway, ìyẹn ẹ̀rọ tó so nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀, ló máa ń bá a gbé dátà lọ sọ́dọ̀ broker.